Ẹ Kú Ìsinmi

Ní Freetown, Sierra Leone, “Kushe” ni wọ́n fi ń kí èèyàn. Onímọ́tò á sọ ọ́, ìyá tó ń ta búrẹ́dì á sọ ọ́, sójà tó dúró síbi tí wọ́n fi okùn dínà náà á sọ ọ́, kó tó na ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná sí yín níwájú orí. Àwọn onímọ̀ èdè sọ pé “ẹ kú iṣẹ́” tiwa ló di “kushe” nínú èdè Krio, láti ẹnu àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sílùú náà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, omi lé ròrò sójú mi. Èmi ọmọ Ìjànìkin tó wá bá wọn lé Ebola lọ, wọ́n ti ń kí mi kú iṣẹ́ kí n tó gbé ohunkóhun.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn kí n tó mọ̀ pé ìkíni kan wà tí mi ò gbọ́ rí níbi iṣẹ́ ìrànwọ́ kankan: ẹ kú ìsinmi. Ó wà nínú èdè wa o. A ń kí ẹni tó jókòó, à ń kí ẹni tó ń náwó, à ń kí ẹni tí òjò pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè dé sí àdúgbò wa, tí kò kọ́lé, tí kò ra mọ́tò, tó kàn jókòó sábẹ́ igi àgbọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìbéèrè la fi ń kí i: “Ṣé kò sí o?” Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ ìrànwọ́ ṣe ń jó èèyàn, bí èèyàn ṣe ń yọ ara rẹ̀ kúrò kó tó jó tán, àti ibi tí ìsinmi náà ti máa ń bà jẹ́ mọ́ àwa ọmọ ilẹ̀ yìí lọ́wọ́, ìyẹn inú ilé wa gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 800 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà kó lọ sí Guinea, Liberia àti Sierra Leone nígbà àjàkálẹ̀ náà. Oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni àwọn tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, nígbà tí kò tíì pé oṣù méjì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Aṣọ tí à ń wọ̀ wọlé tọ aláìsàn bo gbogbo ara látorí dé ẹsẹ̀: ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, ìbomú, awò ńlá tó lẹ̀ mọ́ ojú típẹ́típẹ́, épúrọ̀nù, bàtà rọ́bà. Kò ní pẹ́ tí òógùn á fi kún inú bàtà, ẹ ó máa gbọ́ ọ bó ṣe ń ró nídìí ẹsẹ̀ yín tẹ́ ẹ bá ń rìn. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹnìkan á fi gègé ńlá kọ orúkọ yín àti aago tẹ́ ẹ wọlé sára épúrọ̀nù, gbàgàdà níwájú àyà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dá wọlé, méjì-méjì ni. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú 45 tàbí wákàtí kan, ẹ̀yin méjèèjì á jáde. Ẹ lè máa fún aláìsàn lómi mu lọ́wọ́, ó lè ku díẹ̀ kẹ́ ẹ parí, ẹ ó jáde. Àwọn míì á wọlé wá parí ẹ̀.

Ibi ìbọ́ṣọ ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa jù, ju inú yàrá aláìsàn pàápàá lọ, torí pé ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti rẹ̀, ó sì ti ń wù ú kó já ìbomú dànù kó mí. Wọ́n wá fi ẹnìkan síwájú yín tí kì í ṣe ọ̀gá yín, tó lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ẹ ó na apá méjèèjì, wọ́n á fọ́n omi klorínì sí yín lára, ọmọ náà á wá máa pàṣẹ. Fọ ọwọ́. Tú épúrọ̀nù. Fọ ọwọ́. Di ojú, tẹ̀ síwájú, yọ awò. Fọ ọwọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ọdún mẹ́wàá, ohun tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe lẹ ó ṣe. Òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 500 ni Ebola pa láàárín àjàkálẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń bá ọmọ náà jiyàn.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ aṣọ yìí yẹ̀ wò títí láti ìgbà náà. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó wà nínú iṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó máa wo aago ara rẹ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé jíjáde náà jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀, pé ẹni tó ti rẹ̀ ò lè dá a ṣe, àfi kí ẹni tí kò rẹ̀ máa darí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún wákàtí ni wọ́n ṣe é fún oṣù: àjọ Médecins Sans Frontières, tó sábà máa ń fi òṣìṣẹ́ síbi iṣẹ́ mìíràn fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà péré ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò òṣìṣẹ́ lò nídìí Ebola kí wọ́n tó dá a padà sílé.

Lẹ́yìn iṣẹ́ Ebola yẹn ni mo gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àjọ kan ní Gúúsù Sudan, ní Bentiu, níbi tí èèyàn tó lé ní 100,000 ti wá sá sínú ọgbà kan lábẹ́ ààbò ọmọ ogun UN. Ilẹ̀ àkùrọ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á dé orúnkún. Mi ò wọ irú aṣọ yẹn mọ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ aago sí mi láyà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tan àtùpà elépo rí, ẹ mọ̀ pé epo ló ń jó, òwú kàn ń fà á gòkè ni. Bí epo bá tán, iná ò ní kú lójú ẹsẹ̀. Òwú fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹni tó ń wò láti òkèèrè á ní iná ṣì wà, òórùn èéfín ló máa kọ́kọ́ tú àṣírí. Bí òṣìṣẹ́ tí epo rẹ̀ ti tán ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ń dé ibi iṣẹ́ lásìkò, ó ń fọwọ́ síwèé, ó tilẹ̀ lè máa ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ ló ń jó.

Herbert Freudenberger ló sọ burnout, bí wọ́n ṣe ń pe irú jíjó yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, di ohun táwọn onímọ̀ ń kọ̀wé lé lórí, ní ọdún 1974, nígbà tó kọ nípa àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan ní New York níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti sọ dẹrú. Òun náà wà lára àwọn tó jó. Ẹ kíyè sí i pé ìdí iṣẹ́ àánú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní báńkì. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní 1960, ọdún 14 ṣáájú ìyẹn, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Arò l’Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ìwé ò wọlé sí létí mọ́, tí wọ́n ní orí ń gbóná, tí wọ́n ní nǹkan ń rìn àwọn nínú agbárí. “Brain fag” làwọn ọmọ náà ń pè é. Àìsàn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ tiwa náà, iná ni wọ́n fi ṣàpèjúwe ẹ̀.

Ní ọdún 2019, WHO kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí iṣẹ́ ń fà ni burnout, wọn ò pè é lárùn. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ló ń fi í hàn: àárẹ̀ tí kì í lọ, kí ọkàn èèyàn jìnnà sí iṣẹ́ náà títí á fi sú u, kó sì dà bíi pé ohun tó ń ṣe ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Àárẹ̀ rọrùn láti rí. Ìkejì ló ń bani lẹ́rù, torí pé ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń rò pé òun ti gbó nínú iṣẹ́ ni.

Bó ṣe dé bá mi rèé. Ọjọ́ Àìkú ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Obìnrin kan gbé ọmọ wá síwájú tábìlì mi, ó fi aṣọ búlúù wé e, ẹsẹ̀ ọmọ náà yọ síta, ó ń fì. Mo nawọ́, mo ní, “Káàdì dà?” Káàdì tí wọ́n fi forúkọ ìdílé sílẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ kan wá a létí ìró rẹ̀, ó fún mi. Mo ka nọ́ńbà, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fa ìlà sí i nídìí. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú ọmọ. Ó ti kú, kì í ṣe ìṣẹ́jú yẹn ló kú. Ìyá rẹ̀ mọ̀ kó tó kúrò nílé. Ó kàn ń wá ẹnìkan tó máa bá òun wò ó ni. Mo dá káàdì padà fún un, mo bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jẹun, mo sùn wọra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo rántí pé mo sùn wọra, àyà mi já.

Ìsinmi wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà. R&R la máa ń pè é. Lọ́dọ̀ UN, ẹni tí wọ́n gbà láti orílẹ̀-èdè mìíràn wá síbi tó le á jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí méjìlá, bí ibẹ̀ bá ṣe le sí. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni, wọn kì í ka ọjọ́ ìrìnàjò mọ́ ọn, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò nílùú náà. Kò lè tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ àjọ yòókù ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Ètò tó dára ni, àmọ́ ó ní ibi tó ń dùn mí: kò kan ẹni tí wọ́n gbà nílùú ara rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó bá ń bá UN ṣiṣẹ́ ní Juba máa gba R&R. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gbà sẹ́nu iṣẹ́ kan náà nílé ní Maiduguri, tó jẹ́ pé bó bá délé lálẹ́, ìbátan tí ogun lé kúrò ní Bama ló kún pálọ̀ rẹ̀, kò sí nínú ètò náà. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìrànwọ́ káàkiri ayé, àwọn náà ni ìbọn sì ń bà jù. Kò tọ́, ó sì yẹ ká máa sọ ọ́ jáde.

Èmi tí wọ́n fún, mi ò lò ó. Ìgbà mẹ́ta tẹ̀ léra ni mo sún un síwájú. Mo ní ẹ jẹ́ ká parí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ná. Mo ní nọ́ọ̀sì kejì ò tíì dé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mi ò sọ ni pé mo ti gbà lọ́kàn mi pé bí mo bá fẹsẹ̀ kan jáde, wọ́n á kú. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, iná aṣọ Bentiu ò sì ní tán torí pé èmi kan ò sùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Bí ẹnikẹ́ni bá wo tọrùn mi nígbà yẹn, àkísà ló máa rí.

Tó bá di pé kéèyàn sọ ọ́ jáde, “ó rẹ̀ mí” ò tó. Láàárín wa, ẹni tó bá ní ó rẹ òun, “pẹ̀lẹ́” ló máa gbọ́, wọ́n á sì tún kí i kú iṣẹ́ lé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kéèyàn sọ. Ọ̀gá mi nígbà náà, obìnrin ará Kenya kan, mo wọlé tọ̀ ọ́, mo ní, “Mo béèrè káàdì lọ́wọ́ ìyá tó gbé òkú ọmọ wá.” Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fa kàlẹ́ńdà sọ́dọ̀, ó fi bírò yí ọjọ́ kan ká, ó ní ọjọ́ yẹn ni wàá wọ ọkọ̀ òfúrufú. Kò bi mí bóyá ó wù mí. Ọmọ ogún ọdún tó ń pàṣẹ níbi ìbọ́ṣọ ni mo rí lójú ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Mo fi mẹ́rin nínú ẹ̀ kọ ìwé sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀: ibi tí kọ́kọ́rọ́ firíìjì àjẹsára wà, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe tí kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, ìyá tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀ làwọn obìnrin yòókù á tó wá, ìlérí tí mo ti ṣe tí mi ò tíì mú ṣẹ. Ẹ má fi èyí tó kẹ́yìn yẹn sílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbèrò àtilọ sinmi. Ìlérí tí a kò kọ sílẹ̀ máa ń tẹ̀ lé èèyàn délé. Lẹ́yìn náà mo lọ dágbére. Ó ń ṣe mí bíi kí n yọ́ lọ lóru, torí ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n àwọn tí ìyá àti bàbá wọn ti lọ láì dágbére ò yẹ lẹ́ni tí à ń yọ́ lọ mọ́ lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí. Kò sẹ́ni tó bínú. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó fún wọn láti gbọ́.

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Òwe yìí ni mo ń sọ lẹ́nu láti Juba dé Addis Ababa, láti Addis dé Ìkẹjà. Ọdún 2018 ni, ọ̀nà Àgbádárìgì sì ti bàjẹ́ láti Òkókómáíkò lọ síwájú, kòtò pẹ̀lú ẹrẹ̀, a lo ọ̀pọ̀ wákàtí kí n tó sọ̀kalẹ̀ ní Ìjànìkin pẹ̀lú báàgì Ghana Must Go kan. Ìyá mi ti tẹ ẹ̀bà, ó sì ti se ọbẹ̀ ẹja yíyan. Mo jẹun, mo sùn.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti mọ̀ ládùúgbò pé Nọ́ọ̀sì ti dé. Bàbá onílé tó wà lẹ́yìn wa wá kí n bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì sọ pé òun á máa wá láràárọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé owó iléèwé ọmọ rẹ̀ dání. Ọmọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níléèwé olùkọ́ni Adéníran Ògúnsànyà, tí wọ́n ti sọ di yunifásítì báyìí, fẹ́ kí n bá òun wá iṣẹ́ “lọ́dọ̀ àwọn UN yẹn”. Ní aago mọ́kànlá òru, wọ́n kanlẹ̀kùn: obìnrin kan ń rọbí ní ọ̀nà Ìbà, mọ́tò ò sí. Mo dìde lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo tún ti ní tábìlì, mo tún ti ní ìlà èèyàn níwájú mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí bàbá onílé ṣe ń ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ kan ti dé ètè mi kí n tó gbé e mì: káàdì dà?

Mi ò sọ èyí láti fi bú àwọn ará ilé o. Ohun tó ń ṣe wọ́n ń ṣe wọ́n. Ẹni tó bá sì ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ní Bentiu, kí ni yóò sọ pé òun ò fi lè bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ owó iléèwé? Ibi tí ètò R&R ti ń ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyí. Àwọn tó ṣe é rò pé bí òṣìṣẹ́ bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ó ti dé ibi ìdákẹ́jẹ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Geneva. Tiwa, láti ọdún 1987 tí Bọ́lájí Akínyẹmí, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ti dá Technical Aid Corps sílẹ̀, ni dókítà, nọ́ọ̀sì àti tíṣà wa ti ń lọ sìn fún ọdún méjì-méjì ní Áfíríkà, Caribbean àti Pacific, wọ́n sì ń padà sílé tó ti ń retí wọn. Ẹni tó ń retí yín ò ní mọ̀ pé ó rẹ̀ yín.

Ìyá mi ló yọ mí. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Lọ́jọ́ kan tí mo jí, mo rí i pé ó ti gbé àga onígi rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sẹ́nu géètì, ó jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹni tó bá dé, á dá a lóhùn: “Ó ń sinmi.” Nígbà tí bàbá onílé dé, tó ní ọmọ òun ni òun wá rí, ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹni tó toko dé, ẹ jẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀ ná.” Bàbá bínú lọ.

Mo bi í lálẹ́ pé níbo ló ti kọ́ irú èyí. Ó ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ, ọmọ Ghana tó tó mílíọ̀nù kan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ogunlọ́gọ̀ wọn ló sì gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí Sèmè. Ghana ti ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú, Benin náà tilẹ̀kùn, èrò wá há sójú ọ̀nà. Ìyá mi, tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ń pọn omi, ó ń po gàrí fún ẹni tó bá kọjá. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbá ife omi bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kékeré kan torí pé ọmọ náà ń pẹ́ mu ún. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i. Ìyá ọkọ rẹ̀ gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í wọlé, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí di ọjọ́ kejì. “Òun ló gbé àga síbẹ̀ nígbà yẹn,” ìyá mi wí.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ni mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Láwùjọ tiwa, ọmọ ò lè kọ̀ fún àgbà. Bí mo bá sọ fún bàbá onílé pé ẹ má wá mọ́, àfojúdi ni, èmi gan-an ò sì ní sùn lẹ́yìn rẹ̀. Àgbà nìkan ló lè bá àgbà sọ ọ́, kó fi ìkúnlẹ̀ sọ ọ́, kó sì ṣeé gbọ́. Torí náà, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ padà sílé, ẹ pe àgbà kan nínú ẹbí, ẹ sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé àga sẹ́nu géètì. Kó jẹ́ ẹni tí ojú kì í tì láti sọ “rárá”. Ọ̀rọ̀ owó náà, ọwọ́ rẹ̀ ni kó wà. Ẹ ka iye tẹ́ ẹ lè fún ẹbí lápapọ̀ kẹ́ ẹ tó délé, ẹ kó o fún un, òun ni kó pín in. Ìyókù, ẹ fi sí ibi tí ọwọ́ yín ò ti ní tètè tó o.

Ara náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ìlú ẹ̀fọn àti omi àìmọ́ dé gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí ibà lè jókòó sábẹ́ àárẹ̀, kéèyàn máa pe ọ̀kan ní èkejì. Nígbà tí àyẹ̀wò tèmi jáde tí kò sí ibà, àwọn ará ilé ní ayé ni. Mo bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà fún mi, ó sì tù mí nínú, pàápàá orin. Mi ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀ bí wọn ò bá ti ní kéèyàn gbààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí ara tó ti gbẹ. Ohun mìíràn tí mo rí ni pé kò dáa kí wọ́n fipá mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jókòó kó ro gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àjọ kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, WHO sì ti sọ pé kí wọ́n yé ṣe é fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun ẹ̀rù, torí kì í wo ẹni náà sàn. Ọ̀rọ̀ mi jáde díẹ̀díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀wà, nígbà tí ìyá mi ò wojú mi.

Àwọn dókítà wa ti mọ ipa tí ilé ń kó nínú ìwòsàn tipẹ́. Ní 1954, Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò tí ayé fi mọ̀ ọ́n: aláìsàn ọpọlọ á wá pẹ̀lú ìbátan rẹ̀, á máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, á máa bá wọn ṣe iṣẹ́ díẹ̀ lóko, á sì máa gba ìtọ́jú. Ilé lè wo èèyàn sàn. Ṣùgbọ́n ní Arò, wọ́n ti sọ fún ìbátan náà kó tó dé pé ìtọ́jú ló wá ṣe.

Ọjọ́ márùn-ún ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni oorun mi tó padà di oorun, ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo sunkún fún ọmọ inú aṣọ búlúù yẹn, mo sì sun ún gan-an, nínú ilé ìwẹ̀, pẹ̀lú omi tó ń dà. Ẹ má ṣe ìpinnu ńlá ṣáájú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má sì tún fọwọ́ síwèé iṣẹ́. Mo mọ ẹni tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì torí pé ilé le ju àgọ́ lọ. Mo tún mọ ẹni tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá, tó ń ta oògùn ní Òkókómáíkò báyìí, inú rẹ̀ sì dùn. Èmi béèrè oṣù mẹ́ta sí i, láìgbowó, wọ́n fún mi.

Nínú oṣù kejì, mo jókòó sábẹ́ igi àgbọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọwọ́ mi ṣófo. Bàbá onílé ń ti ìsọ̀ oníkẹ́míìsì kan bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń bá a wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ báyìí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ìyá mi gbójú sókè lórí àga rẹ̀. Bàbá wò mí, ó wo ìyá mi, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀ díẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì,” ó ní, “o kú ìsinmi o.”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.